Ẹ Bi Mí Léèrè: Iyọ̀ Wúrà Tí Kò Fẹ́ Dúró Ní Iyọ̀

Lẹ́tà lórí wúrà pọ̀ lóṣù yìí débi pé mo fi gbogbo ojú ewé yìí sílẹ̀ fún un. Inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ láàbù ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, kò sì sí kẹ́míkà tí mo fẹ́ràn láti kọ́ ọmọdé ní ìlò rẹ̀ tó chloroauric acid. HAuCl4 ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀. Iyọ̀ wúrà ni àwa nínú láàbù ń pè é. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe èérún wúrà, ìyẹn wúrà tíntìntín tó kéré débi pé náńòmítà la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni náńòmítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí, mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì. Ọ̀gá mi ra iyọ̀ wúrà gíráàmù kan fún mi. Mo fi síbí irin bù díẹ̀ nínú rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo pò ó mọ́ omi, mo gbé e kaná, mo sì ń kán citrate, ìyẹn iyọ̀ tó ti ara ásíìdì inú ọsàn wá, sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìwé sọ pé yóò di pupa, ṣùgbọ́n elésè àlùkò ló dà, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ohun dúdú kan ti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bíkà, omi orí rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ara síbí náà ti dúdú. Iyọ̀ tó kù nínú ìgò tún ti ń rọ̀ bí ẹni pé omi wọ inú rẹ̀. Ṣé wúrà ọ̀gá mi ti ṣòfò nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Fọkàn balẹ̀. Ohun dúdú tó wà nísàlẹ̀ bíkà yẹn, wúrà gan-an ni. Má dà á nù. Tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò kan tí o kọ “pàǹtírí wúrà” sí lára. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ ìgò yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ọ ni ìwà iyọ̀ yìí. Wúrà tó wà nínú rẹ̀ ti pàdánù electron mẹ́ta, ó sì ń wá wọn kiri. Ohunkóhun tó bá lè yọ̀ǹda electron fún un, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì padà di wúrà. Irin síbí rẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdọ̀tí ara bíkà lè ṣe é. Awọ ara èèyàn pàápàá ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n elésè àlùkò fi máa ń wà lára ìka ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́, tí kò sì ní lọ títí awọ náà yóò fi bó. Ìmọ́lẹ̀ a máa bá a yára. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èérún wúrà, ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń pinnu ibi tí ìyípadà yìí yóò ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú ohun tí o kọ sí mi, ó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí síbí kí o tó tan iná rárá.

Nítorí náà, síbí irin ti kúrò nílẹ̀. Ti ike tàbí ti dígí ló yẹ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má tilẹ̀ fi síbí kankan kàn án. Iyọ̀ yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí o bá ń ṣí ìgò rẹ̀ lójoojúmọ́ láti bù díẹ̀ wọ̀n, nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n sọ fún ọ lónìí kò ní jẹ́ òótọ́ lọ́la, torí pé o ń wọn omi pọ̀ mọ́ iyọ̀. Ọjọ́ tí o bá ṣí ìgò tuntun ni kí o pò ó tán. Da omi mímọ́ sínú ìgò náà fúnra rẹ̀, jẹ́ kí iyọ̀ yọ́, dà á sínú flask oníwọ̀n 100 mílílítà, fi omi ṣan ìgò náà léraléra, da omi ìṣanṣan yẹn mọ́ ọn, kí o wá fi omi kún un dé ojú ìlà.

Kí o tó ṣe ìṣirò, ka ara ìgò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ HAuCl4·3H2O, ìyẹn èyí tó ní omi mẹ́ta lára, ìwọ̀n móòlù rẹ̀ jẹ́ 393.83 gíráàmù. Èyí tí kò ní omi lára jẹ́ 339.79. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà kejì ṣírò iyọ̀ àkọ́kọ́, wúrà tó wà nínú omi rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 dín sí ohun tó kọ sínú ìwé, kò sì ní fura. Gíráàmù kan iyọ̀ olómi mẹ́ta nínú 100 mílílítà yóò fún ọ ní 25.4 mM, ìyẹn mílímóòlù 25.4 nínú lítà kan. Ìdajì ìwọ̀n iyọ̀ náà ni wúrà, nítorí náà nǹkan bí ìdajì gíráàmù wúrà ló wà nínú flask rẹ. Dà á sínú ìgò aláwọ̀ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, kọ ọjọ́ sí i lára, gbé e sínú fíríìjì ní 4°C. Yóò pẹ́ fún ọ dáadáa. Bí o bá wá rí i tí inú ìgò náà ń ní àwọ̀ elésè àlùkò tàbí tí ó ń dán bíi wúrà, wúrà ti ń fi omi sílẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà tí o kọ sára ìgò kò sì pé mọ́. Ní ti iyọ̀ tó ti rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kò tíì bàjẹ́. Pò gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe wí. Bí yunifásítì yín bá ní ẹ̀rọ atomic absorption, jẹ́ kí wọ́n bá ọ wọn iye wúrà tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, lò ó fún ìdánrawò.

Bíkà ni ọ̀rọ̀ kejì. Ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ kò tó. Wúrà àtijọ́ tí ojú kò rí máa ń lẹ̀ mọ́ ara dígí, àtọ́mù wúrà tuntun tó ń wá ibi jókòó yóò sì lọ bá a níbẹ̀ dípò kó dá tirẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń ro omi nínú bíkà gan-an ni mo máa ń fura sí jù: bí ike ara rẹ̀ bá ti ha, wúrà oríṣiríṣi ló wà níbi tó ha yẹn. Yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ wúrà nìkan, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti gbó. Omi tí a ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni kí o lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omi ẹ̀rọ ní calcium àti chloride nínú, àwọn wọ̀nyí yóò sì ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ.

Ó wá kan sísè. Mú 3.94 mílílítà nínú omi wúrà 25.4 mM, fi omi mímọ́ sọ ọ́ di 100 mílílítà. Ó di 1 mM nìyẹn. Lọ́tọ̀, wọn 0.114 gíráàmù trisodium citrate tó ní omi méjì lára, pò ó nínú 10 mílílítà omi. Gbé wúrà kaná nínú flask tó ní ẹ̀rọ ìdáoruupadà lórí, kí omi má baà gbẹ lọ, kí mágínẹ́ẹ̀tì sì máa rò ó kíkankíkan. Dúró. Kó gbóná lásán kò tó. Jẹ́ kó hó gan-an. Nígbà náà ni kí o da gbogbo mílílítà 10 citrate yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkán tí o ń kán an díẹ̀díẹ̀ wà lára ohun tó dà ọ́ láàmú: èérún àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kí citrate tó pé, àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn sì wá jáde ní ìwọ̀n oríṣiríṣi.

Lẹ́yìn tí o bá ti dà á, máa wò ó. Àwọ̀ ìyeyè náà ni yóò kọ́kọ́ parẹ́, omi yóò sì mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ọmọ láàbù tí kò tíì ṣe é rí ti máa ń pa iná. Jọ̀ọ́, má pa á. Wúrà ti gba electron méjì nínú mẹ́ta ni. Nígbà tó bá sì wà ní ipò yẹn, kò ní àwọ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọ̀ eérú yóò yọ, yóò ṣú di búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, yóò di elésè àlùkò, pupa yóò wá máa jẹ yọ láti inú rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pupa bíi wáìnì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, mi ò sì tíì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ rí.

Jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí i lẹ́yìn tó bá ti pupa. Gbé e kúrò lórí iná, kí mágínẹ́ẹ̀tì ṣì máa rò ó fún ìṣẹ́jú 15. Èérún tí o ní yóò tó nǹkan bí 13 nm (náńòmítà). Bí o bá gbé e sínú ẹ̀rọ UV-Vis, tó ń wọn bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, ibi tó ti gba ìmọ́lẹ̀ jù yóò wà ní àgbègbè 520 nm. Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó: èérún 13 nm kan ní nǹkan bí àtọ́mù 68,000 nínú, nítorí náà wúrà 1 mM tí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí citrate ti sọ omi rẹ̀ di 110 mílílítà, yóò fún ọ ní nǹkan bí 13 nM (náńómóòlù nínú lítà kan) èérún, bí gbogbo wúrà bá wọ inú wọn.

Kí ló wá sọ tìrẹ di dúdú? Iṣẹ́ mẹ́ta ni citrate ń ṣe nínú omi yẹn. Ó ń yọ̀ǹda electron fún wúrà. Ó ń mú kí ásíìdì omi náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń bo ara èérún kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fún un ní agbára iná òdì kí àwọn èérún lè máa ti ara wọn sẹ́yìn. Iṣẹ́ kẹta yìí ló já lọ́wọ́ rẹ. Bí citrate bá kéré, tàbí bí iyọ̀ omi ẹ̀rọ bá wọ inú rẹ̀, ìtira-ẹni-sẹ́yìn yẹn yóò kú, èérún yóò lẹ̀ mọ́ èérún, elésè àlùkò yóò yọ, wọn yóò wúwo, wọn yóò sì sọ̀kalẹ̀. Ìlànà tí mo kọ fún ọ yìí ní gbòǹgbò nínú iṣẹ́ tí John Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1951, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti fọ bíkà. Tún un ṣe, kí o kọ̀wé sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, mo ti ń rí 13 nm ṣe. Mo fẹ́ èyí tó tóbi, àbúrò mi nínú láàbù sì fẹ́ èyí tó kéré gan-an. Ṣé iyọ̀ wúrà yìí kan náà la ó lò?

ÌDÁHÙN: Iyọ̀ kan náà ni. Fún èyí tó tóbi, dín citrate kù. Ní 1973, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Frens tẹ nọ́ńbà jáde tí a ṣì ń lò títí dòní. Ó sè 50 mílílítà omi wúrà 0.01%, ó sì ń yí iye citrate 1% tó dà sí i padà: 1 mílílítà fún un ní 16 nm, 0.5 fún un ní 41 nm, 0.16 sì gbé e dé 147 nm. Bí citrate bá kéré, èérún tó bí lákọ̀ọ́kọ́ kò pọ̀, gbogbo wúrà tó kù á sì lọ máa sanra sára ìwọ̀nba tó bí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ èrò mi fún ọ: tó bá ti lé ní 50 nm, ọ̀nà yìí kì í fún mi ní èyí tó dọ́gba. Òmíràn á gùn, òmíràn á tóbi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ó dára kí o mú 13 nm rẹ tó dára, kí o lò ó bí irúgbìn, kí o wá máa fún un ní iyọ̀ wúrà sí i pẹ̀lú ohun tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, bíi ascorbic acid (vitamin C), tí kò ní lè bí èérún tuntun ṣùgbọ́n tó lè mú èyí tó wà dàgbà.

Àbúrò rẹ ní tirẹ̀ nílò ohun tí agbára rẹ̀ pọ̀: sodium borohydride, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò nínú omi tó tutù bíi yìnyín. Kò ní sísè. Bí ó bá ti kan wúrà báyìí, àwọ̀ á yípadà lójú ẹsẹ̀, èérún yóò sì wà ní náńòmítà mélòó kan. Gáàsì hydrogen ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà kí ó má dé ìgò rẹ̀ pa, kí ó sì jìnnà sí iná. Bí ó bá jẹ́ inú toluene, ohun olómi kan tí kì í pò mọ́ omi, ló fẹ́ kí èérún náà wà, ìlànà tí Brust àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1994 ni kó wá kà.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó láàbù kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe èérún wúrà. Aqua regia ni wọ́n fẹ́ máa fi fọ bíkà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí sì ni ká ṣe sí omi wúrà tó bá ṣẹ́ kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀rù yẹn dára, ẹ má jẹ́ kó tán lára yín. Aqua regia jẹ́ hydrochloric acid ìdá mẹ́ta àti nitric acid ìdá kan. Wúrà tí ásíìdì kọ̀ọ̀kan wọn kò lè dá jẹ, àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ́: nitric acid gba electron lọ́wọ́ rẹ̀, chloride sì dì mọ́ ọn kí ó má lè padà. Ohun tó ń jáde níkẹyìn ni chloroauric acid. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iyọ̀ wúrà gan-an nìyẹn, nítorí náà ẹni tó ń fi aqua regia fọ bíkà ń sọ wúrà ara bíkà padà di iyọ̀ ni.

Ẹ sọ fún wọn pé inú fume hood, ìyẹn àpótí tó ń fa èéfín olóró jáde, nìkan ni, pẹ̀lú gíláàsì ojú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti aṣọ láàbù tí wọ́n de dáadáa. Ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ lò ni kí wọ́n pò. Nitric ni kí wọ́n rọra dà sínú hydrochloric. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dé e sínú ìgò, torí gáàsì chlorine àti nitrosyl chloride ń jáde lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ìgò tí a dé pa yóò sì bú. Kò gbọ́dọ̀ pàdé acetone tàbí ethanol. Ọ̀pọ̀ ọmọ láàbù ló máa ń fi acetone gbẹ bíkà. Bíkà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ rí omi kí ó tó rí aqua regia. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan án lọ́pọ̀ ìgbà, torí ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù yóò da iṣẹ́ ọjọ́ kejì rú. Bí láàbù yín bá ní owó láti ya bíkà tuntun sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ wúrà, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ, ẹ ó rí i pé aqua regia tí wọ́n nílò kò ní pọ̀.

Ní ti omi wúrà tó ṣẹ́ kù, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ gàdàgbà sára ògiri: AMMONIA KÒ GBỌDỌ̀ KAN IYỌ̀ WÚRÀ. Bí wọ́n bá pàdé, ohun kan lè jẹ jáde tó jẹ́ pé bí ó bá gbẹ, ó lè bú gbàmù láti orí ìfọwọ́kàn lásán tàbí bí nǹkan bá ha á lára. Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti sọ irin di wúrà láyé àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ṣe wọ́n léṣe. Láàbù òde òní ní ammonia káàkiri, nínú ìgò ìfọdígí míì pàápàá. Ẹ jẹ́ kí ìgò pàǹtírí wúrà dá wà, kí orúkọ wà lára rẹ̀, kí a má da ammonia sínú rẹ̀, kí a má da bleach sínú rẹ̀, kí a má sì da aqua regia tuntun sínú rẹ̀. Ẹ máa kó o jọ fún àwọn tó ń yọ wúrà padà. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i tí wọ́n da omi pupa sínú síńkì. Wúrà ni wọ́n ń dà nù, ara ẹja àti ewéko ló sì ń lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mà, olùkọ́ fisíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tí wúrà fi pupa nínú omi nígbà tó jẹ́ pé wúrà ọrùn ìyá òun kò pupa bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi hàn wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ìbéèrè rẹ̀ ni Michael Faraday jókòó tì nígbà ayé rẹ̀. Ní 1857, ó sọ fún Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun fi phosphorus sọ omi iyọ̀ wúrà di pupa, àti pé wúrà gidi ló wà nínú omi pupa náà, pé ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Díẹ̀ lára omi tó ṣe wà ní Royal Institution títí di òní. Ní 1908, Gustav Mie ṣe ìṣirò tó ṣàlàyé àwọ̀ náà. Richard Zsigmondy ní tirẹ̀, tí òun àti Siedentopf ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí a rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára èérún kọ̀ọ̀kan, gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ti 1925.

Àlàyé rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì nìyí. Nínú wúrà, àwọn electron kan wà tí kò so mọ́ àtọ́mù kan pàtó. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá kan èérún tó kéré sí ìgbì náà púpọ̀, gbogbo electron wọ̀nyẹn á máa jó lọ jó bọ̀ pọ̀, bí àwọn oníjó tó ń tẹ̀lé ìlù kan ṣoṣo. Ìlù tó bá ijó wọn mu jù nínú omi ni ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí 520 nm, ìyẹn àwọ̀ ewé. Èérún á gbé àwọ̀ ewé mì, pupa á kọjá wá sójú wa. Bí àwọn èérún bá sún mọ́ ara wọn jù, ijó ọ̀kan á kan èkejì, wọn á máa gbé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ mì, omi á sì di búlúù.

Ẹ má fún ọmọ ní iyọ̀ wúrà fúnra rẹ̀. Ó ń jẹ awọ, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ lọ bá yunifásítì kan kí wọ́n fún yín ní omi pupa tí wọ́n ti ṣe tán. Ẹ pín in sínú igò àyẹ̀wò mẹ́ta. Ẹ da omi ṣúgà sí ọ̀kan, omi iyọ̀ ìsebẹ̀ sí èkejì, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ti ṣúgà yóò dúró ní pupa. Ti iyọ̀ yóò di búlúù lójú wọn, torí pé iyọ̀ ti bo agbára iná tó ń ti èérún sẹ́yìn. Faraday náà rí ìyípadà yìí pẹ̀lú iyọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣú yàrá, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ tóóró gba inú omi pupa náà kọjá, kí wọ́n rí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà nínú rẹ̀; omi lásán kì í fi í hàn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní àwòrán, ẹ fi ife Lycurgus hàn wọ́n, èyí tí àwọn ará Róòmù fi dígí ṣe ní ọ̀rúndún kẹrin, tó wà ní British Museum. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án láti ìta, àwọ̀ ewé ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú rẹ̀ jáde, ó pupa. Èérún wúrà àti fàdákà ló wà nínú dígí náà.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi omi ewé rọ́pò citrate, pé ó dára fún àyíká, pé ó sì rọrùn. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú ewé púpọ̀, pàápàá polyphenol, ń yọ̀ǹda electron, iyọ̀ wúrà yóò sì gbà á. Èyí kò yà mí lẹ́nu, torí ìwà rẹ̀ ni mo ti ń sọ látòkè. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iṣẹ́ tí mo máa ń kà tó jẹ́ pé “ewé” nìkan ni wọ́n kọ. Ewé wo? Tútù tàbí gbígbẹ? Gíráàmù mélòó nínú omi mélòó, ní ìgbóná wo, fún ìgbà wo? Ewé tí a já ní àkókò òjò àti èyí tí a já nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ní ohun kan náà nínú, èérún tí wọ́n bá bí kì í sì í dọ́gba. Bí o bá fẹ́ èérún tí ìwọ̀n rẹ̀ dá ọ lójú, citrate ni mo fọwọ́ sí. Bí ewé fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí o ń wádìí, ṣe é, kí o sì ṣe é tọkàntọkàn: ṣẹ́ omi ewé náà mọ́ kí èérún ewé má baà wọ inú rẹ̀, gbé omi ewé láìsí wúrà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wúrà láìsí omi ewé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o wo gbogbo wọn nínú UV-Vis. Má fi ojú lásán pe ohun pupa ní wúrà, torí omi ewé míì pupa fúnra rẹ̀. Kí o sì rántí pé iyọ̀ wúrà tí o dà sí i ṣì jẹ́ ásíìdì, àti pé aqua regia ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ìbọ̀wọ́ kò kúrò nílẹ̀ nítorí pé ewé wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé omi pupa mi sínú fírísà kí ó má baà bàjẹ́. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó ti di àwọ̀ eérú. Ṣé mo lè gbà á padà?

ÌDÁHÙN: Èyí kò ní padà. Nígbà tí omi ń di yìnyín, ó ń lé èérún àti iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jọ sí àárín tóóró tí kò tíì dì, ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìgò pàǹtírí wúrà ló kàn. Èyí tí o bá tún ṣe, 4°C ni ipò rẹ̀, nínú ìgò tó mọ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí. Bí ó bá jẹ́ èérún ńlá ni, tí o sì bá a tó ti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má tíì dà á nù: rọra mì ín, bí pupa bá padà tàn ká inú omi, ó ṣì dára, máa lò ó.